Òwú Ìtayín Nínú Ilé Wa

Ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún ọdún, nígbà tí oòrùn bá mú ní Ouagadougou, máńgòrò ni a máa ń rí kiri. Àwọn ìyá ọlọ́jà a kó o jọ ní òkìtì òkìtì sí ẹ̀bá ọ̀nà, láti Gounghin títí dé ọjà Rood-Woko, tọmọdé tàgbà a sì máa jẹ ẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà wá, ẹ mọ̀ pé bí adùn máńgòrò bá tán, fọ́nrán rẹ̀ a há sí àárín eyín. Fọ́nrán yìí kò léwu púpọ̀, nítorí ó ń yọ wá lẹ́nu, a ó sì wá a yọ. Ohun tí ó ń gbé àárín eyín láìyọ ènìyàn lẹ́nu ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Orín ni a fi tọ́ mi. Nínú ilé wa, ọmọ tí kò bá tíì run orín kò gbọdọ̀ kí àgbà ní òwúrọ̀. Níhìn-ín pẹ̀lú, orín kò wọ́n. Igi dóńgóyárò pọ̀ ní ìlú, ẹni tí ó bá fẹ́ a ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Àwọn tí ń sọ èdè Faransé nílùú yìí a máa pe orín ní cure-dent, bẹ́ẹ̀ ni ìtayín lásán ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lẹ́nu àwọn ará Paris. Orín ní òwúrọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ní alẹ́: bí mo ti ń ṣe nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì gbà pé ẹnu mi mọ́. Ṣùgbọ́n eyín ẹ̀yìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, èmi kò sì lè sùn fún òru mẹ́ta. Oníṣègùn eyín ya àwòrán rẹ̀, ó gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, ó sì fi ibì kan tí ó ṣókùnkùn hàn mí, ní ọ̀gangan ibi tí eyín náà ti fi ara kan èkejì rẹ̀. Ó ti jẹrà dé inú. Ó yọ ọ́. Mo bi í pé, "Orín tí mo ń run ńkọ́?" Ó ní orín ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, kò kàn lè dé ibẹ̀ ni.

Eyín kọ̀ọ̀kan ní ojú márùn-ún: èyí tí ó kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, èyí tí ó kọ sí ahọ́n, orí tí a fi ń lọ oúnjẹ, àti ẹ̀gbẹ́ méjì tí ó fi ara ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni orín àti búrọ́ọ̀ṣì ń dé. Àwọn àgbà a máa sọ pé kòkòrò ni ó ń jẹ eyín. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkòrò tí ojú lè rí. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín ni, tí wọ́n kó ara wọn jọ bí ẹ̀gbin rírọ̀ sára eyín. Bí a bá jẹ ohun dídùn, àwọn náà a jẹ nínú rẹ̀, wọn a sì sọ ọ́ di oje kíkan tí ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbin kan náà ni í mú kí erìgì, èyíinì ni ẹran tí ó di ìdí eyín mú, wú kí ó sì máa ṣẹ̀jẹ̀.

Levi Spear Parmly, oníṣègùn eyín kan ní New Orleans ní Amẹ́ríkà, ni ó ń gba àwọn ènìyàn níyànjú ní nǹkan bí ọdún 1815 pé kí wọ́n máa fi òwú ṣẹ́dà nu ibẹ̀. Náílọ́ọ̀nù ti rọ́pò ṣẹ́dà báyìí, a sì lè rí i rà ní ilé oògùn. Òwú ìránṣọ kò yẹ, nítorí ó máa ń já, ó sì lè gé erìgì.

Mo ra ti ẹnìkọ̀ọ̀kan wálé, mo sì sọ àsọyé gígùn bí ẹni pé mo wà níwájú kíláàsì. Ọjọ́ mẹ́wàá kò pé tí gbogbo wọn fi gbàgbé. Mo bá ọmọkùnrin mi níbi tí ó ti fi òwú tirẹ̀ so tata mọ́ ẹsẹ̀ àga.

Lẹ́yìn èyí ni mo ka ìwé kan tí ó yí mi lérò padà. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí mẹ́fà jọ lórí àwọn ọmọ 808, láti ọmọ ọdún 4 dé ọdún 13. Níbi tí àgbà tí ó mọ iṣẹ́ náà ti ń fi òwú nu àárín eyín àwọn ọmọ ní gbogbo ọjọ́ ilé-ìwé, jíjẹrà àárín eyín dín kù ní ìdá 40 nínú 100. Níbi tí a ti fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ń bàlágà láti máa ṣe é fúnra wọn, a kò rí èrè kankan. Ní ti àwa àgbà, àgbéyẹ̀wò ọdún 2019 sọ pé ó jọ pé òwú pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ń dín wíwú erìgì kù ju búrọ́ọ̀ṣì nìkan lọ, bí ẹ̀rí rẹ̀ kò tilẹ̀ lágbára púpọ̀. Mo wá rí i pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe: mo fi iṣẹ́ ọwọ́ àgbà lé ọmọdé lọ́wọ́.

Ìyá àwọn ọmọ ni ó rí ọ̀nà rẹ̀. Ó ní, "Bàbá wọn, ṣé wọn kì í gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀ nígbà tí mo bá ń di irun wọn?" Láti ìgbà náà, bí a bá ti jẹ tô alẹ́ tán, a ó tẹ́ ẹní sí abẹ́ iná, ọmọ a dùbúlẹ̀, a gbé orí lé ẹsẹ̀ wa, èmi tàbí ìyá rẹ̀ a sì nu àárín eyín rẹ̀. Ibi tí eyín méjì ti fi ara kanra nìkan ni a ń nù. Òwú tí ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan ni a ń gé. A ó wé e mọ́ ìka àárín ọwọ́ méjèèjì, a ó rọra fà á síwá sẹ́yìn títí yóò fi wọlé, láìjẹ́ kí ó já lu erìgì. Lẹ́yìn náà, a ó tẹ̀ ẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ eyín kan ká, a ó fà á sókè sódò, a ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì. Ibi tí ó mọ́ lára òwú ni a ń lò fún àárín tí ó kàn. Nígbà tí ọmọ bá tó bí ọdún mẹ́wàá tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti gbọ́n, a ó jẹ́ kí ó máa ṣe é níṣojú wa.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ̀rù sì ba ìyá mi àgbà. Erìgì tí ó ti wú ni í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dáwọ́ dúró láàrín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ lọ rí oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ó di olùkọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ẹ bá rí ọmọ kékeré tí ebi tàbí àìsàn ti sọ di aláìlera, tí erìgì rẹ̀ ní egbò, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì ń rùn gidigidi, ẹ má ṣe wá òwú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ noma, àrùn tí ń jẹ ojú ọmọ run kíákíá, tí oògùn sì lè dá dúró bí a bá tètè dé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a ti pa tì.

Ìyá mi àgbà kò fi orín sílẹ̀, èmi kò sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àárín eyín wọn ti fẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ṣe fún àárín eyín ni a rà fún wọn. Àbígbẹ̀yìn mi ni kì í jẹ́ kí a gbàgbé mọ́; bí oorun ti ń kùn ún ni yóò wá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, tí yóò la ẹnu, tí yóò sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má wulẹ̀ dé ibi èjí rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ó há síbẹ̀.