Nígbà tí Kọ̀ǹpútà Bá Ń Wo Inú Orí

Nígbà tí eruku ọyẹ́ bá bo ọ̀nà Bassila sí Manigri, a máa ń rí ènìyàn lókèèrè láìrí ojú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi ìrìn dá a mọ̀. Àlejò lè fi orúkọ ẹlòmíràn pè é. Àpèjúwe tí mo fi ń ṣàlàyé IRM fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí.

IRM ni ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara láìfi abẹ kàn án. Òòfà rẹ̀ a to háídrójìn inú omi ara wa lẹ́sẹẹsẹ, ìgbì rédíò a mì í, òun náà a sì dáhùn. Ìdáhùn yìí ni kọ̀ǹpútà ń sọ di àwòrán. Ní ilé ìwòsàn ńlá, òòfà náà sábà máa ń tó tesla 1,5. Ó wúwo, owó gọbọi ni, ó sì ń jẹ iná mànàmáná púpọ̀. Ìlú kéékèèké bíi tiwa kì í sábà ní i.

Ní Mbarara, ní ilẹ̀ Uganda, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ àti ẹlẹgbẹ́ wọn láti Netherlands to irú rẹ̀ kékeré pọ̀, nítorí àwọn ọmọ tí omi ń kún orí wọn. Ọkọ̀ òfuurufú ló kó ẹ̀yà rẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 11, àwòrán ìdánwò àkọ́kọ́ ti jáde. Wọ́n tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà ní 2023. Tesla 0,05 péré ni òòfà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí òòfà bá kéré, ìdáhùn a kéré, àwòrán a sì ṣú bí ọ̀nà ìgbà ọyẹ́. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán, èyí tó ṣú pẹ̀lú èyí tó mọ́, kọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó lè tún èyí tó ṣú ṣe.

Ewu wà níbẹ̀. Ní 2021, àwọn onímọ̀ tó yẹ àwòrán orí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wò kìlọ̀ pé àwòrán tí kọ̀ǹpútà tún ṣe lè dán, síbẹ̀ kí ó fi ohun tí kò sí han dókítà. Wọ́n tún rí i pé àwòrán tó ṣú díẹ̀ lè tó dókítà lò fún ìtọ́jú àìsàn náà.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Kọ̀ǹpútà tí a fi àwòrán ará òkèèrè nìkan kọ́, àlejò ni lọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ Áfíríkà, MAI Lab ti Èkó pẹ̀lú wọn, fi gbé ìdíje BraTS-Africa kalẹ̀ ní 2023, kí a lè fi àwòrán ọpọlọ àwọn aláìsàn ilẹ̀ Áfíríkà kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá kókó inú ọpọlọ mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ìṣirò àti físíìkì kì í ṣe ti ìdánwò BAC nìkan. Bí àwa tí a mọ ìrìn ara wa kò bá kọ́ ẹ̀rọ náà, àlejò ni yóò máa sọ orúkọ wa.