Lẹ́búlẹ́bú Tó Pẹ́ Láyé Ju Igi Lọ

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ, kí n sọ ohun ìyanu kan fún yín. Kò sí iwin nínú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ oògùn, síbẹ̀ ó yà mí lẹ́nu ju ìtàn iwin lọ.

Ẹ ti gba inú oko àgbàdo kọjá rí nígbà tó tanná. Lẹ́búlẹ́bú pupa rúsúrúsú a dà sí yín lára, ẹ ó sì gbọ̀n ọ́n nù. Ti àgbàdo tiẹ̀ tóbi. Ti ọ̀pọ̀ igi, bí ẹ bá to 30 rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò ní gùn ju mìlímítà 1 lọ. Ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ le! Ásíìdì tó ń jẹ iyanrìn kò rí i jẹ. Igi á wó, á jẹrà, àwọn tó gbé abẹ́ rẹ̀ á di ẹni ìgbàgbé. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ á ṣì wà, bó bá ṣáà ti bọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀.

Irú ibẹ̀ ni àbàtà ilẹ̀ òtútù, ní Swídìn, Dẹ́nmáàkì àti Áyálàńdì. Ewéko kékeré kan, mọ́ọ̀sì, ló ń hù nínú omi níbẹ̀, tó ń kú lé ara rẹ̀ lórí. Omi náà kan, afẹ́fẹ́ ò sí nínú rẹ̀, nítorí náà òkú ewéko kì í jẹrà tán. Ilẹ̀ á máa ga díẹ̀díẹ̀, bíi mìlímítà 1 lọ́dún. Ọdọọdún ni afẹ́fẹ́ ń da lẹ́búlẹ́bú igi àyíká sórí rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni tó bá gbẹ́ mítà 5 wọlẹ̀ ti dé nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn.

Lennart von Post, onímọ̀ ọmọ Swídìn, ló ka lẹ́búlẹ́bú wọ̀nyí ní ìpele-ìpele, tó ya àwòrán bí igi kọ̀ọ̀kan ṣe ń pọ̀ tó sì ń dín, tó sì gbé e síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1916, ní ìlú tí à ń pè ní Oslo lónìí. Lójú máíkíròsíkóòpù, lẹ́búlẹ́bú ní ilà tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi àbàjà àti pélé mọ ọmọ ìlú láyé àtijọ́. Ti páínì ní àpò afẹ́fẹ́ méjì. Ti koríko rí roboto, ihò kan ló ní.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ní 1941, Johannes Iversen, onímọ̀ mìíràn tó ń ka lẹ́búlẹ́bú, kọ ohun tó rí nínú àbàtà Dẹ́nmáàkì. Lẹ́búlẹ́bú igi ńlá dín kù lójijì, èédú sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà koríko pọ̀, ọkà yọjú, pẹ̀lú èpò tó ń hù níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn àti ẹran ń tẹ̀. Nígbà tó yá, igi padà. Iversen ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ni: wọ́n gé igbó, wọ́n sun ún, wọ́n gbìn, wọ́n sì ṣí lọ. Ṣé bí àwọn bàbá ńlá yín ṣe ń dáko náà nìyẹn?

Àáké òkúta ha lè gé igbó bí? Lẹ́yìn 1950, òun àti àwọn awalẹ̀pìtàn gba àáké àtijọ́ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, irú òkúta tí à ń pè ní ẹdùn àrá, wọ́n ki igi bọ̀ ọ́, wọ́n wọ igbó Draved ní Dẹ́nmáàkì lọ. Bí wọ́n bá fi gbogbo agbára jù ú, ó ń fọ́. Nígbà tí wọ́n fi ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ gé e kíákíá, igi bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Àáké kan tí ẹnikẹ́ni ò pọ́n fún bí 4,000 ọdún gé igi tó lé ní 100! Wọ́n sun ilẹ̀ náà, wọ́n gbin ọkà, èpò tí àbàtà sọ sì hù.

Nítòsí wa ńkọ́? Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Accra á rí i pé igbó kìjikìji tiwa ò bá ti Gánà pàdé. Ọ̀dàn dé etí òkun láàárín wọn. Àwọn onímọ̀ gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Sélé, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ka lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀. Igbó ló kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn ni òjò dín, tí igbó náà já sí méjì. Àwọn tó ka ẹrẹ̀ yẹn ní ọ̀gbẹlẹ̀ ló ya á, kì í ṣe àáké.