Òfin tí Billboard yí padà lọ́sàn-án kan òru kan nítorí Eagles

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, ìròyìn kan kárí ayé. Ẹgbẹ́ olórin Eagles, tí wọn kò gbé odidi àwo tuntun jáde láti sítúdíò láti ọdún 1979, ló wà ní ipò kìíní lórí Billboard 200, àtẹ tí ìwé ìròyìn Billboard ní Amẹ́ríkà fi ń to àwo, ti ọjọ́ 17 oṣù náà. Àwo wọn, Long Road Out of Eden, ta 711,000 láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ tó bọ́ sọ́jà. Britney Spears ló tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú Blackout, tó ta 290,000. Àwo mẹ́rin tí Spears ti ṣe ní sítúdíò ṣáájú èyí, ipò kìíní ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn sọ ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà tí àgbà bá ọmọdé jìjàkadì tí àgbà sì dá a. Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ kókó ibẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni, bí Eagles tilẹ̀ ta mílíọ̀nù mẹ́wàá, orúkọ wọn kì bá tí hàn lórí àtẹ yẹn rárá, nítorí òfin kò gbà á. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá náà, ni Billboard kéde pé àwọn ti yí òfin náà padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ẹni tí à ń sọ. Ìlú Los Angeles ni wọ́n ti dá Eagles sílẹ̀ lọ́dún 1971. Don Henley, Glenn Frey, Bernie Leadon àti Randy Meisner ti jọ lu ohun èlò lẹ́yìn olórin Linda Ronstadt kí wọ́n tó dá dúró. Orin kọ́ńtírì ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì: gìtá, báńjò, ìlù tó le, àti ohùn mẹ́rin tó ń gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ gìtá onírin tí Demola Adepoju fi ń dá King Sunny Adé lóhùn nínú orin jùjú, tí ohùn rẹ̀ ń fà gùnnùngùnnùn, ti gbọ́ ọ̀kan nínú ohun èlò tí orin kọ́ńtírì fi ń sunkún. Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ náà tú ká. Henley sọ nígbà náà pé ìgbà tí ọ̀run àpáàdì bá di yìnyín ni àwọn máa padà. Nígbà tí wọ́n padà lóòótọ́ lọ́dún 1994, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi sọ àwo wọn lórúkọ, ṣùgbọ́n orin tuntun mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀; orin àtijọ́ tí wọ́n kọ lójú agbo ni ìyókù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ka ọdún 28 láti àwo ọdún 1979 dé èyí. Henley, Frey, Joe Walsh àti Timothy B. Schmit ló ṣẹ́ kù lọ́dún 2007. Síídì méjì ni àwo tuntun yìí, orin 20 ló sì wà nínú rẹ̀. How Long tó ṣíwájú wọn jáde kì í tilẹ̀ ṣe orin tuntun: J.D. Souther, ọ̀rẹ́ wọn, ti kọ ọ́ sínú àwo tirẹ̀ lọ́dún 1972.

Ó tó bẹ́ẹ̀ nípa wọn. Kí ni òfin náà sọ?

Òfin àtijọ́ sọ pé àwo tí ilé ìtajà kan ṣoṣo bá ń tà kò gbọdọ̀ wọ Billboard 200. Nínú gbogbo ilé ìtajà tó wà ní Amẹ́ríkà, Walmart àti Sam's Club tí wọ́n jọ jẹ́ ti olówó kan náà nìkan ni Eagles gbé ọjà wọn fún. Àtẹ náà ń fẹ́ mọ ohun tí ará ìlú ń rà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo, torí náà wọ́n gbà pé ohun tó bá wà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ṣoṣo kò jọ ohun tó wà fún gbogbo ayé. Lọ́dún 2005, olórin kọ́ńtírì Garth Brooks bá Walmart ṣe irú àdéhùn yìí lórí àpótí àwo rẹ̀ kan, òfin yìí kan náà ló sì dínà fún un. Billboard ní àtẹ mìíràn nígbà náà tó ń gba irú àwo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìyẹn kún? Billboard 200 ni ìwé ìròyìn máa ń gbé jáde.

Òfin yẹn nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Títí di ọdún 2009, àwo tó bá ti lé ní oṣù 18 tó sì ti já wálẹ̀ kọjá ipò 100, wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò, wọ́n á gbé e sí àtẹ àwọn àwo àtijọ́. Bí Their Greatest Hits tí Eagles ṣe lọ́dún 1976 bá tà ju ti gbogbo ọmọ ìwòyí lọ lọ́sẹ̀ kan nígbà náà, Billboard 200 kì bá tí dárúkọ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí: nígbà náà, ipò kìíní kò fi dandan jẹ́ ti àwo tó tà jù lọ. Ti àwo tó tà jù lọ láàárín àwọn tí òfin gbà wọlé ni.

Kí ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń to àtẹ náà tẹ́lẹ̀. Títí di ọdún 1991, kò sẹ́ni tó ń ka àwo tó tà ní ti gidi. Wọ́n á pe ṣọ́ọ̀bù lórí fóònù, wọ́n á béèrè ohun tó ń tà lọ́sẹ̀ náà. Akọ̀wé tó gbé fóònù á wá máa dárúkọ lọ, èyí àkọ́kọ́, èyí ìkejì, èyí ìkẹta. Kì í sọ iye. Ipò ló ń sọ, ohun tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń sọ. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi àwo ọ̀fẹ́ àti ẹ̀bùn wá ojú rere akọ̀wé. Bí akọ̀wé bá jẹ́ ọmọ ìlú ńlá tó fẹ́ràn rọ́ọ̀kì, orin kọ́ńtírì tí àgbẹ̀ àti awakọ̀ ẹrù ń rà lè má wá sí i lọ́kàn rárá.

Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1991 ni èyí yí padà. Ọjọ́ náà ni Billboard bẹ̀rẹ̀ sí lo ìṣirò SoundScan, ilé iṣẹ́ tí Mike Fine àti Mike Shalett dá sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn síídì kan tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà: ẹ ó rí àwọn ìlà dúdú, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti èyí tó nípọn, tí nọ́ńbà wà lábẹ́ wọn. Bí oníbàárà bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbowó, onítọ̀hún á gbé e kọjá níwájú iná pupa, ẹ̀rọ á dún pí-ì, kọ̀ǹpútà á sì ti fi ọ̀kan kún iye àwo náà. Lópin ọ̀sẹ̀, ṣọ́ọ̀bù á fi gbogbo àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí SoundScan. Nígbà náà, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣírò. Nítorí pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2007, ni àwo Eagles jáde ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọn fi jẹ́ ọjọ́ mẹ́fà. Ní ti ṣọ́ọ̀bù kéékèèké nígbà náà, wọ́n máa ń fi àwọn tó jábọ̀ díwọ̀n iye tí àwọn tí kò jábọ̀ á ti tà.

Kò pẹ́ tí àyípadà yìí fi so èso. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1991 náà, N.W.A, àwọn ọmọ ráàpù tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò kò fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn, gun orí àtẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án, Ropin' the Wind ti Garth Brooks di àwo kọ́ńtírì àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti ipò kìíní. Ọdún yẹn kọ́ ni àwọn tó ń ra orin wọ̀nyí dáyé. Wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ẹni tó ń kà ni kò kà wọ́n.

Ibí ni Walmart ti wọ inú ọ̀rọ̀. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Rogers, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ni wọ́n ti ṣí èyí àkọ́kọ́ lọ́dún 1962, àárín irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló sì ti dàgbà. Òun ló ń ta síídì jù lọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2007. Tower Records tí àwọn olólùfẹ́ orin ń wọ́ lọ tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé lọ́dún 2006. Eagles kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ àwo ńlá kankan mọ́ ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì bá Walmart dúnàádúrà ní tààrà. Síídì méjèèjì, dọ́là 11 àti sẹ́ǹtì 88 ni Walmart tà á.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. RIAA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ àwo, ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí góòlù àti plátínọ̀mù. Nígbà náà, àwo tí wọ́n kó ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù ni RIAA ń kà. Àwo tí oníbàárà san owó rẹ̀ ni SoundScan ń kà. Their Greatest Hits ni àwo àkọ́kọ́ tó gba plátínọ̀mù lọ́dún 1976 tí wọ́n dá a sílẹ̀, iye rẹ̀ sì ti di mílíọ̀nù 29 lọ́wọ́ RIAA lọ́dún 2007.

Ṣé ó wá tọ́ kí Billboard yí òfin padà? Èrò tèmi ni pé ó tọ́. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ ra àwo kan, ẹ̀rọ SoundScan kan náà ló kà á. Àtẹ tó bá sọ pé òun kò rí i ti padà sí ìgbà akọ̀wé orí fóònù nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, níbi tí kò sí àdéhùn Walmart, ipò kìíní ni àwo náà bọ́ sí. Mo gbà pé àwọn èèyàn fẹ́ Eagles. Walmart kàn mú un rọrùn ni.

Ṣùgbọ́n àkókò tí wọ́n yí i kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ ìtajà ti parí, iye ti hàn, àtẹ nìkan ni kò tíì jáde. Òfin tí a bá yí lẹ́yìn tí eré ti tán, bó tilẹ̀ jẹ́ òfin rere, á mú kí ẹni tó pàdánù máa bi ara rẹ̀ pé ṣé nítorí erin nìkan ni wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn. Bí wọ́n bá kéde rẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú, kò ní sí ẹjọ́. Ohun kejì tó ń kọ mí lóminú ni agbára oníṣòwò. Nígbà náà, Walmart kì í ta síídì tí wọ́n lẹ ìkìlọ̀ ọ̀rọ̀ rírùn mọ́ lára. Lọ́dún 1996, wọn kò ta àwo olórin Sheryl Crow nítorí pé orin kan níbẹ̀ bá wọn wí lórí ọ̀rọ̀ ìbọn. Bí àwọn olórin ńlá bá ń tò lọ sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí onílé ibẹ̀ di ẹni tó ń yan ohun tí a ó gbọ́. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, àmọ́ ó yẹ ká ṣọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Lọ́dún 1974, Sunny Adé kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àwo rẹ̀ nítorí owó, ó sì dá Sunny Alade Records sílẹ̀, kí Eagles tó ronú irú rẹ̀ rárá. Síbẹ̀, títí di ọdún 2007, olórin wa tó bá gbé àwo rẹ̀ fún oníṣòwò ní ọjà Alábà, ẹnu oníṣòwò náà ló ti ń gbọ́ iye tó tà, àwọn ayédèrú tó wà nígboro kò sì sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tó ń ka ìlà dúdú kì í ṣe idán. PMAN, ẹgbẹ́ àwọn olórin Nàìjíríà, àti àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò ńláńlá mélòó kan, kí òfin bí wọ́n ṣe máa kà á sì wà ní kíkọ kí àwo tó jáde. Olórin tí kò bá mọ iye tó tà kò lè mọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè.