Ṣé O Mọ Ohun Tó Ń Gbé Omi Wọ Ilé Rẹ?

Ṣé o mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ tó ohun tí o lè fi dá páìpù òjé mọ̀? Òjé tí apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n kó lè rì, òjé tí àwọn ọlọ́bàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, òun náà ni wọ́n fi ṣe páìpù tó ń gbé omi mímu wọ àìmọye ilé ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń fa omi kànga n'Íbàdàn lè ní kí ló kan òun níbẹ̀. Ọmọ rẹ tó wà ní Chicago ńkọ́? Àbúrò rẹ tó háyà ilé àtijọ́ ní Peckham, ní London, ńkọ́?

Ṣé o mọ̀ pé inú orúkọ òjé ni orúkọ iṣẹ́ púlọ́ńbà ti wá? Plumbum ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe òjé, ibẹ̀ náà sì ni àmì Pb tí ọmọ iléèwé ń há sórí ti jáde. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe páìpù omi wọn. Síbẹ̀, ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn, Vitruvius, ọ̀mọ̀ràn wọn nípa ilé kíkọ́, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé omi tó gba inú páìpù amọ̀ dára fún ara ju èyí tó gba inú òjé lọ. Ó ní ká wo àwọn tó ń fi òjé ṣiṣẹ́, bí àwọ̀ ara wọn ṣe ń ṣí bí ti aláìsàn.

Kí ló wá dé tí wọn ò jáwọ́? Òjé rọ̀. Púlọ́ńbà lè tẹ̀ ẹ́ gba ibi tó bá wù ú, ilẹ̀ lè sún díẹ̀ kó má ṣẹ́, ó sì máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ ju irin lọ. Ní Chicago, òfin ìlú ló sọ ọ́ di dandan pé òjé ni kí wọ́n fi ṣe páìpù kékeré tó ń wọ ilé, títí di 1986 tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fòfin dè é. Ìdí nìyẹn tí nǹkan bí 400,000 irú páìpù bẹ́ẹ̀ fi wà lábẹ́ ilẹ̀ Chicago. Kò sí ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà tó ní tó bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, EPA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, fojú bù ú sí nǹkan bí mílíọ̀nù 9 ní 2023.

Ó yá, jẹ́ ká lọ wo páìpù. Wá ibi tí omi ti wọ inú ilé. Ní Amẹ́ríkà, ara ògiri yàrá abẹ́ ilẹ̀ ló sábà máa ń wà, nítòsí mítà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wo abẹ́ síńkì ìdáná tàbí abẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ti ń pa omi gbogbo ilé. Fi kọ́kọ́rọ́ tàbí owó ẹyọ ha ara páìpù náà díẹ̀. Bí wọ́n bá ti kùn ún lọ́dà, ha á títí ọ̀dà yóò fi ṣí. Òjé kì í ṣagídí: kíá ni yóò gba àmì, ibi tí o ha á sì máa dán bíi fàdákà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyókù ara rẹ̀ rí bí eérú. Bàbà á pọ́n. Rọ́bà ò nílò àlàyé. Irin ló lè dà ọ́ lójú rú, nítorí òun náà rí bí eérú lókèèrè. Àmọ́ bí o bá ha á, kì í dán bí òjé. Mú òòfà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fìríìjì wá. Yóò gbá irin mú. Kò ní gbá òjé mú láé.

Wo oríkèé rẹ̀ pẹ̀lú. Níbi tí páìpù òjé bá ti pàdé òmíràn, ó sábà máa ń wú, bí ọrùn ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì. Fi ọwọ́ kọ́kọ́rọ́ lù ú: irin á dún gooro, òjé á kàn dún bí ìgbà tí ènìyàn lu igi tútù. Má fi ayùn tàbí ẹ̀rọ ìlu kàn án o, kí o sì fọ ọwọ́ rẹ dáadáa tí o bá ṣe tán.

Ṣé o mọ̀ pé páìpù tí o rí lè tàn ọ́ jẹ? Èyí tó yọ nínú ilé lè jẹ́ bàbà, kí èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ títí dé ojú títì jẹ́ òjé. Irin àtijọ́ pàápàá, bí òjé bá ti wà ṣáájú rẹ̀ lójú ọ̀nà omi, ìpẹtà inú rẹ̀ á ti gba òjé sára, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnu ẹ̀rọ tó jẹ́ idẹ ńkọ́? Títí di oṣù kìíní ọdún 2014, wọ́n lè fi òjé tó tó ìdá 8 nínú 100 sínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí pé kò ní òjé. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa Yorùbá gan-an rèé. Ṣé o mọ̀ pé omi sísè kò lè yọ òjé? Ìyá àgbà tó wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ bá ọmọ rẹ̀ tójú ìkókó ti fi omi sísè tọ́ ọmọ tirẹ̀ yè nílé. Kò ṣì í: iná a máa pa kòkòrò inú omi. Àmọ́ òjé kì í ṣe kòkòrò. Bí omi ṣe ń hó, tí ooru ń gbé díẹ̀ lọ sókè, òjé ò bá a lọ. Inú ìwọ̀nba omi tó kù nínú ìkòkò ló ń kó jọ sí. Omi gbígbóná tó ń tẹnu ẹ̀rọ jáde tún burú sí i, nítorí ooru ń mú kí òjé tètè yọ́ sínú omi. Omi tútù ni ká bù fún mílíìkì ọmọ, òun ni ká gbé kaná bí a bá fẹ́ ro ẹ̀kọ. Omi ìwẹ̀ kò léwu, òjé inú omi kì í gba awọ ara wọlé, nítorí náà kí ìyá àgbà máa wẹ ọmọ rẹ̀ lọ.

A máa ń sọ pé omi ò lọ́tàá, àmọ́ ọ̀tá lè bá omi wọlé. Òjé inú omi kò ní àwọ̀, kò lóòórùn, kò ládùn, kò korò. Ara ọmọdé ń gbà á sínú ní ìlọ́po 4 sí 5 ju ti àgbà lọ, ọpọlọ ọmọ ló sì ń bàjẹ́. Òjé a máa sá pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí obìnrin bá sì lóyún, ó lè jáde níbẹ̀ lọ bá ọlẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Ṣé o rántí Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan? Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n já omi tó ń wá láti Detroit, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ti odò Flint, wọn ò sì po oògùn tí kì í jẹ́ kí omi jẹ páìpù mọ́ ọn. Omi náà jẹ páìpù. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, iléeṣẹ́ ọkọ̀ General Motors kọ omi náà sílẹ̀ nítorí pé ó ń ba irin ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́. Irin rí ìtura. Àwọn ènìyàn tún mu ún fún ọdún kan gbáko, títí Marc Edwards àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní yunifásítì Virginia Tech fi yẹ omi wò, tí dókítà ọmọdé kan, Mona Hanna-Attisha, sì fi hàn pé òjé ti pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó páìpù òjé kúrò, káàdì àfọwọ́kọ tó tó 45,000 ni àkọsílẹ̀ ìlú náà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Wọ́n ní láti gbẹ́ ilẹ̀ kiri. Nǹkan bí 11,000 páìpù òjé ni wọ́n yọ kí wọ́n tó parí ní 2025.

Newark, ní New Jersey, yọ ohun tó lé ní 23,000 ní èyí tí kò tó ọdún mẹ́ta, onílé kò sì san kọ́bọ̀. Ó ṣeé ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé láti oṣù kẹwàá 2024 ló ti di dandan fún iléeṣẹ́ omi ní Amẹ́ríkà láti ní àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n fi ṣe páìpù tó ń wọ ilé kọ̀ọ̀kan? Bèèrè tìrẹ. Bí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ wà lọ́wọ́ rẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1970 ni kí o fura sí jù, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ omi níbẹ̀ sì máa ń yẹ omi wò lọ́fẹ̀ẹ́ bí o bá kàn sí wọn. Apá tó wà nínú ọgbà rẹ, ti onílé ni. Má jẹ́ kí wọ́n yọ ìdajì kí wọ́n fi ìdajì sílẹ̀, nítorí gígé tí wọ́n gé òjé yẹn lè da púpọ̀ sínú omi fún ìgbà díẹ̀.

Kó tó di pé wọ́n yọ ọ́, jẹ́ kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan láàárọ̀ kí o tó bu èyí tí o máa mu, kí o sì ra asẹ́ omi tí wọ́n kọ NSF 53 sí lára, tí wọ́n sì dárúkọ òjé sára rẹ̀.

Fóònù rẹ wà nítòsí. Pe ọmọ rẹ, pe àbúrò rẹ, ní kó mú kọ́kọ́rọ́ àti òòfà sọ̀kalẹ̀ lọ síbi mítà lálẹ́ òní, kó ya fọ́tò ibi tó bá ha, kó fi ránṣẹ́ sí ọ.