Kẹ̀kẹ́ Ológeere Lójú Ọ̀nà Òkè

Ilẹ̀ Ìjẹ̀dẹ́ rọra rẹlẹ̀ lọ sí ọ̀sà ni. Ọmọ tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere níbẹ̀ lè máà náání ìjánu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin òbí bá rán an lọ lo ìsinmi ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọ̀ràn di ọ̀tọ̀. Ọ̀nà tí ó ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí Ẹ̀rìn-Ìjèṣà, ìlú omi Olúmirìn, gba àárín òkè àti igbó, ó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ní kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó pọ̀, ó wuni púpọ̀. Ìjánu tí a fún láìtú a máa mú irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ gbóná, rọ́bà a sì lè bẹ́. Kí ó máa fún un, kí ó máa tú u, kí ó sì ti dẹ eré kí ó tó dé kọ́nà. Nígbà àbọ̀, bí òkè bá dá a lágara, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.