Bí olè ṣe ń yan ọkọ̀ tí yóò jí, àti ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kó tó kan tiyín

Kò sí gíláàsì tó fọ́. Kò sí ilẹ̀kùn tí wọ́n já. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ariwo lóru. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣì wà lórí tábìlì níbi tí onílé gbé e sí lálẹ́ àná, àmọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò sí níta mọ́.

Báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń jí bá a láàárọ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Díẹ̀ lára àwọn ọkọ̀ náà máa ń la òkun kọjá wá sí etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń tà wọ́n fún ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀.

Ní Nàìjíríà, ọgbọ́n tí wọ́n ń lò lè yàtọ̀: ó lè jẹ́ ìbọn lẹ́nu géètì, ó lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gé láì jẹ́ kí ẹni tó ni ọkọ̀ mọ̀, tàbí kí wọ́n tú ọpọlọ ọkọ̀ lọ nígbà tí ẹni tó ni ín wà nínú ilé ìjọsìn.

Àmọ́ ohun kan ló so gbogbo wọn pọ̀. Olè kì í fẹ́ ariwo, kì í sì fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́. Ohunkóhun tó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún iṣẹ́ rẹ̀ lè mú kó fi ọkọ̀ tàbí ilé yín sílẹ̀, kó sì wá ti ara rẹ̀ lọ.

Irú ọkọ̀ wo ló máa ń wu olè?

Kì í ṣe ọkọ̀ tó rẹwà jù lọ ni olè máa ń wá. Ọkọ̀ tó máa tètè tà ló ń wá.

Ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn Toyota, Lexus tàbí Honda ní agbègbè wa ni pé wọ́n ń fara da ọ̀nà tí kò dára, gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ wọ́n tún ṣe, àwọn ẹ̀yà ara wọn sì wà lọ́jà káàkiri. Ìdí kan náà ló mú kí olè fẹ́ràn wọn. Bí kò bá rí odindi ọkọ̀ tà, yóò tú u palẹ̀, yóò sì tà á ní ẹyọ ẹyọ.

Àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, Interpol, náà sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò tó ṣe ní agbègbè yìí lọ́dún 2025. Ó ní Toyota, Peugeot àti Honda ni àwọn olè ń dájú sọ jù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ọkọ̀ lọ láì fọ́ gíláàsì?

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé kì í lo kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń kì bọ ihò mọ́. Bí rìmóòtù bá ti wà lápò ẹni tó ni ín, ilẹ̀kùn yóò ṣí, yóò kàn tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ yóò sì dáhùn. Àmì kan tí kò ṣeé fojú rí ni rìmóòtù náà fi ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀.

Olè méjì ló máa ń fi èyí ṣọṣẹ́. Ọ̀kan yóò dúró nítòsí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé ilé pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń fa àmì rìmóòtù inú ilé. Ìkejì yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ mìíràn tó ń gba àmì náà. Ọkọ̀ yóò rò pé ọ̀gá òun ló dé, yóò sì ṣílẹ̀kùn. Wọn kò nílò láti wọlé rárá.

Ọgbọ́n kejì wá hàn síta nílùú London. Ní ọdún 2022, wọ́n jí Toyota RAV4 ọkùnrin kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa ààbò kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀. Kí wọ́n tó gbé e lọ, ó ti ń rí i pé ẹnìkan ń tú bọ́ńpà àti iná iwájú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn ọmọ ìta ló ń bà á jẹ́ lásán. Ìwádìí òun àti onímọ̀ mìíràn, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2023, fi hàn pé wáyà ẹ̀yìn iná ọkọ̀ ni àwọn olè ń wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn, tí yóò pàṣẹ fún ọkọ̀ láti ṣílẹ̀kùn, kó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Àwọn kan máa ń lo ihò tí mẹkáníìkì ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀ lábẹ́ sítíárìn láti fi kọ́ ọkọ̀ láti gba kọ́kọ́rọ́ tuntun. Àwọn mìíràn máa ń dí àmì rìmóòtù lọ́wọ́ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹni tó ni ọkọ̀ yóò tẹ rìmóòtù, yóò rò pé òun ti tìlẹ̀kùn, yóò sì bá tirẹ̀ lọ, nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Ojú ọ̀nà tó ti pẹ́

Òwò ọkọ̀ jíjí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Benin nítorí àwọn adigunjalè tó ń já ọkọ̀ gbà ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń gbé wọn sọdá. Orúkọ tó gbajúmọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni Hamani Tidjani, tó fi Cotonou ṣe ibùjókòó. Ọdún náà ni wọ́n mú un, tí wọ́n sì fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́.

Nígbà náà, Nàìjíríà ni ọkọ̀ ti ń jáde lọ. Lónìí, òmíràn ń gba ojú òkun wọlé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ọlọ́pàá ní Kánádà kéde pé àwọn ti gba ọkọ̀ 598 padà ní èbúté Montreal, kí wọ́n tó di inú ọkọ̀ ojú omi.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Interpol àti àwọn agbófinró orílẹ̀-èdè 12 ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó fi mọ́ Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà, fi ọ̀sẹ̀ méjì yẹ ọkọ̀ wò ní èbúté àti ẹnubodè. Wọ́n rí ọkọ̀ jíjí bíi 150, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé ohun tó lé ní 75. Púpọ̀ nínú wọn ló wá láti Kánádà.

Ní ẹnu géètì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí

Nínú àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà, ọ̀kan lára ibi tó léwu fún awakọ̀ ni ẹnu géètì ara rẹ̀. Yóò fọn fèrè, yóò dúró kí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn, ọkọ̀ wà lórí iná, ojú rẹ̀ sì wà lórí fóònù. Ìṣẹ́jú kan péré ni àwọn adigunjalè nílò. Bí wọ́n bá rí ọkọ̀ gbà níbẹ̀, wọ́n lè wọlé lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ti àwọn kólékólé tún wà. Wọn kì í gbé ọkọ̀, ohun tí wọ́n ń wá ni brain box, ìyẹn àpótí kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Sienna, Camry àti Corolla wà lára àwọn tí wọ́n máa ń kọlù. Ẹni tó ni ọkọ̀ yóò dé, kò ní rí ohun tó dà bíi pé ó yí padà, àmọ́ ọkọ̀ kò ní dáhùn.

Ohun tí ẹ lè ṣe fún ọkọ̀ yín

• Bí ọkọ̀ yín bá ń lo rìmóòtù aláìkì, ẹ ra àpò tí wọ́n fi irin tẹ́ nínú, tí kì í jẹ́ kí àmì jáde. Ẹ ki rìmóòtù bọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé e sún mọ́ ọkọ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, àpò náà kò dára. Ẹ má gbàgbé rìmóòtù kejì tó wà nínú àpótí aṣọ.

• Ẹ lo irin tí wọ́n fi ń de sítíárìn, pẹ́dà tàbí jíà. Ẹ̀rọ ayélujára kankan kò lè tú irin. Olè tó bá rí i láti ojú fèrèsé mọ̀ pé iṣẹ́ òun yóò pẹ́.

• Ẹ jẹ́ kí rewáyà tí ẹ fọkàn tán fi síwíìsì ìkọ̀kọ̀ síbi tó ń gbé iná lọ sí pọ́ǹpù epo. Bí olè bá tiẹ̀ rí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò ní lọ jìnnà. Ẹ má sọ ibi tó wà fún ẹnikẹ́ni tí kò bá pọn dandan kó mọ̀.

• Ẹ sọ fún wẹ́dà kó ṣe àgò onírin bo brain box.

• Tìrákà dára, àmọ́ olè lè dí àmì rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ fi síbi tí kò hàn, kó ní bátìrì tirẹ̀, kí ẹ má sì fi òun nìkan ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé.

• Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ rìmóòtù, ẹ fọwọ́ fa ilẹ̀kùn wò.

• Bí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ fún afọkọ̀ tàbí mẹkáníìkì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ilé kúrò lára ti ọkọ̀. Ẹni tó bá rí méjèèjì gbà fún wákàtí kan lè gé méjèèjì.

Ohun tí ẹ lè ṣe fún ilé

Ilé àti ọkọ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣe le jí tó, bẹ́ẹ̀ ni olè á ṣe máa wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílùú Toronto lọ́dún 2024. Ọlọ́pàá kan gba àwọn ará àdúgbò nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kí olè má bàa kọlù wọ́n nínú ilé. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n ní ṣé kí àwọn kúkú ṣílẹ̀kùn fún olè ni? Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀nà mìíràn tó dára wà láti dènà olè.

Ohun tó dára jù ni kí ìdènà bẹ̀rẹ̀ láti ìta, kí olè má tiẹ̀ dé ibi tí yóò ti yan láàárín kọ́kọ́rọ́ àti èèyàn.

• Kí iná wà níta lóru, pàápàá èyí tó ń fúnra rẹ̀ tàn bí èèyàn bá kọjá. Èyí tó ń lo oòrùn wúlò níbi tí iná mànàmáná kò dúró.

• Ẹ gé igi àti ewéko tó lè bo èèyàn mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọgbà.

• Ariwo jẹnẹrétọ̀ máa ń bo ìró ẹni tó ń já irin fèrèsé. Ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí ẹ tó tan án.

• Irin fèrèsé ń dènà olè, àmọ́ ó lè há yín mọ́ bí iná bá sọ. Ó kéré tán, kí ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú, kí gbogbo ará ilé sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

• Bí ẹ bá ń bọ̀ nílé lálẹ́, ẹ pe ẹni tó wà nílé kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà tó ń tẹ̀ lé yín, ẹ má dúró lẹ́nu géètì. Ẹ kọjá lọ síbi tí èèyàn pọ̀ sí.

• Ẹ má gbé àwòrán ọkọ̀ tuntun sórí Facebook pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ àti iwájú ilé. Bí ẹ bá rin ìrìn àjò, ẹ dé kí ẹ tó gbé àwòrán jáde.

• Ẹ mọ aládùúgbò yín. Ẹ̀ṣọ́ fijilánté tí àwọn onílé jọ ń sanwó fún, àti nọ́ńbà aládùúgbò tó máa dáhùn láago méjì òru, lè ju kámẹ́rà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tokunbo

Yorùbá ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti olè, owó tí ẹ san kò sọ ọ́ di tiyín. Ọlọ́pàá lè gbà á, ẹ sì lè rí ara yín ní àgọ́ wọn níbi tí ẹ ti ń ṣàlàyé.

Ẹ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní VIN. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Kì í ní lẹ́tà I, O tàbí Q nínú. Ẹ wò ó lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lábẹ́ gíláàsì iwájú, lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, àti nínú ìwé owó aṣọ́bodè. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, tàbí tí ojú ibẹ̀ dà bíi pé wọ́n ti họ ọ́, ẹ má sanwó.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ayélujára. Àjọ NICB ní Amẹ́ríkà ní ojú òpó tí wọ́n ń pè ní VINCheck, àwọn ọlọ́pàá Kánádà náà ní tiwọn, CPIC. Iye owó tó bá kéré ju ti ọjà lọ fíìfíì kì í ṣe oríire, ìkìlọ̀ ni.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Bí wọ́n bá na ìbọn sí yín, ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ má jà, ẹ má tẹjú mọ́ wọn, ẹ má ki ọwọ́ bọ àpò lójijì. Bí ọmọ bá wà lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ tètè sọ fún wọn pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé e sọ̀kalẹ̀.

Bí wọ́n bá ti lọ, ẹ pe 112, tó jẹ́ nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà àti Gánà. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ọkọ̀, àwọ̀ rẹ̀, VIN rẹ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n gbà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwòrán ìwé ọkọ̀ wà lórí fóònù yín, kì í ṣe nínú ọkọ̀ nìkan. Bí ẹ bá ní tìrákà, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ẹ má dá lépa wọn.

Ẹ sì yẹ ìwé adójútòfò yín wò lónìí. Èyí tó jẹ́ third party nìkan, tí òfin sọ di dandan, kò ní san owó ọkọ̀ tí wọ́n jí. Odindi ìdójútòfò tó bo olè ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ tó sọnù ṣeé wá, bí a kò bá sì rí i, a ṣì lè ra òmíràn. Ẹ̀mí ni kò ní dúpílíkéètì.