Ajá Ìbílẹ̀ Kì í Kú Bọ̀rọ̀, Ṣùgbọ́n Ó Ń Jìyà

Àdúgbò kan kò sí nílẹ̀ Yorùbá tí ènìyàn á dé tí kò ní bá a níbẹ̀. Irun rẹ̀ kúrú, ó lẹ̀ mọ́ ara. Ó lè pupa, ó lè dúdú, ó sì lè ní àmì funfun lọ́rùn àti lẹ́sẹ̀. Àyà rẹ̀ jìn, ikùn rẹ̀ fà sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ìrù rẹ̀ a sì máa ká sẹ́yìn bí ara rẹ̀ bá yá. Bí ó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò lọ́sàn-án gangan, ẹ ó rò pé ó ti sùn lọ, ṣùgbọ́n kí àjèjì fọwọ́ kan géètì báyìí, ó ti dìde. Ajá ìbílẹ̀ nìyí, ajá ojúlé wa, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́ Bingo.

Nígbà kan, orúkọ ajá kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ lásán. Ẹni tí ará ilé tàbí orogún ń fòòró lè sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la tàbí Ẹ̀sanńbọ̀. Bí ó bá ti ń pe ajá wá jẹun lálẹ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí á ti gbọ́, kò sì ní rí ẹjọ́ kankan pè, nítorí orúkọ tó wuni là ń sọ ajá ẹni. Nínú àlọ́, ajá ló gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run nígbà tí ìyàn mú, tí àwọn ẹranko yòókù fohùn ṣọ̀kan láti pa ìyá tiwọn jẹ. Okùn ni ìyá náà ń ta sílẹ̀ fún un kó fi gòkè lọ jẹun. Ajá náà ni oúnjẹ Ògún, wọ́n sì ń jẹ ẹran rẹ̀ ní Oǹdó àti àwọn ìlú kan. Ìyẹn kò ní kí ajá tó ń ṣọ́ ilé fún wa máa fi ebi àti àìsàn ṣe ayé.

Àwọn tó mọ ajá tọ́jú jù láàárín wa ni àwọn ọdẹ. Ọdẹ kì í mú ajá wálé kó wá so ó mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ ajá á bá ajá àgbà wọ igbó, á mọ fèrè ọ̀gá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Wọ́n á so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tó gbà, bí ẹran bá sì bọ́ sọ́wọ́, ajá ní ìpín tirẹ̀. A máa ń pa á lówe pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí tí kò ní sọnù ti kọ́ ohùn fèrè náà láti kékeré ni.

Láti kékeré lóòótọ́ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá tí wọ́n bí i ni ọpọlọ ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù láti mọ ohun tí kò yẹ kó bà á lẹ́rù: ọmọdé, ariwo jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà, àlejò, adìyẹ. Èyí tí a bá sé mọ́ kéèjì ní gbogbo àkókò yìí á dàgbà di oníbẹ̀rù, ajá oníbẹ̀rù ló sì sábà máa ń bunijẹ. Kíkọ́ rẹ̀ kò le. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, bó bá wá, ẹ fún un ní ẹja gbígbẹ bíńtín lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú un jáde bó bá jẹun tán àti bó bá jí, títí á fi mọ ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí. Bí ẹ bá bá ìtọ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, tí ẹ wá nà án, kò mọ ohun tí ẹ ń nà án fún. Ẹ̀rù yín nìkan ló kọ́. Àwọn kan ń fún ajá ní ata tàbí ẹ̀tù ìbọn jẹ kó lè rorò. Ìyà lásán ni. Ata á jó o nínú, ẹ̀tù lè ṣe é léṣe, ajá tí kò sì mọ ọ̀gá rẹ̀ lọ́rẹ̀ẹ́ kò ní mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí olè.

Ní ti pé ajá ìbílẹ̀ kì í kú bọ̀rọ̀, agbára yìí wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Ní 2018, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ ìwádìí kan jáde lórí ajá ilẹ̀ Áfíríkà, tí ajá Nàìjíríà wà lára wọn. Wọ́n rí i pé jíìnì kan tó ń jẹ́ ADGRE1 wà lára àwọn tó jọ pé ó ti yí padà láti ran ajá ilẹ̀ olóoru lọ́wọ́ lórí àrùn tí kòkòrò ń fà. Lọ́dún 2013, ìwádìí mìíràn láti ilẹ̀ Swídìn fi hàn pé ajá ní jíìnì tó ń dà oúnjẹ oníṣítáàṣì nínú ikùn ju ti ìkookò tí í ṣe baba ńlá rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè jẹ ẹ̀bà àti ẹ̀kọ pẹ̀lú wa láti ọjọ́ yìí wá. Ṣùgbọ́n agbára yìí gan-an la sọ di àwáwí. A ní kì í kú bọ̀rọ̀, a wá ń fún un ní kìkì ẹ̀bà tó ti kan.

Ẹ̀bà nìkan kò tó. Ajá nílò ẹran tàbí ẹja, kò sì dandan kó jẹ́ olówó ńlá: ìfun adìyẹ tí a sè, ẹ̀dọ̀, orí ẹja, ẹyin sísè, pẹ̀lú ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ. Àgbà ajá á jẹ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ọmọ ajá lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Omi mímọ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí ajá kì í làágùn bíi tiwa. Híhagaga ló fi ń tu ara rẹ̀ lára.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò kà sí ni àlùbọ́sà. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ wa, ọbẹ̀ àjẹkù la sì ń dà fún ajá. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ, yálà tútù tàbí sísè. Bó bá ń jẹ ẹ́ léraléra, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa dínkù, á sì máa rẹ̀ ẹ́. Ẹ bu ẹran àti ẹja tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó da ata àti àlùbọ́sà sí i. Ṣokoléètì náà jẹ́ májèlé fún un. Egungun adìyẹ tí a ti sè a máa fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún un ní ọ̀fun tàbí ní ìfun. Àṣà kan tún wà tí mo fẹ́ kí a fi sílẹ̀ pátápátá, ìyẹn ni pípe ajá wá jẹ ìgbẹ́ ọmọ. Aràn inú ajá ń tipasẹ̀ ìgbẹ́ rẹ̀ wọ inú erùpẹ̀ tí ọmọ kan náà ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣeré. Ẹ lo oògùn aràn fún ọmọ ajá láti ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n bí i, kí ẹ sì máa tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí á fi pé bíi oṣù mẹ́ta.

Nípa ara rẹ̀, eégbọn ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ẹ yẹ inú etí rẹ̀ wò, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, abẹ́ ìrù. Ẹyọ kan tó mu ẹ̀jẹ̀ yó á jábọ́, á lọ yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sí ojú ihò ògiri, nítorí náà ẹni tó ń tọ́jú ajá láì fọ ibùsùn rẹ̀ kò tíì tọ́jú eégbọn. Eégbọn ń kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Ara á gbóná, oúnjẹ á kọ̀, erìgì á funfun. Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ọ̀tápíápíá kọ́ ni. Oògùn apakòkòrò yẹn ń gba awọ ara wọlé, ajá á sì tún lá a. Itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́nu rẹ̀, á gbọ̀n, ọ̀pọ̀ ni kì í bọ́ níbẹ̀. Ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti jó tí wọ́n ń fi pa ajá tí irun rẹ̀ ń jábọ́ náà jẹ́ májèlé. Ìwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí lóṣù tó fún irun kúkúrú rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ tí kì í jó ara, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ. Èékánná ajá tó ń rìn káàkiri a máa kúrú fúnra rẹ̀. Ti inú kéèjì ni a ní láti gé.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ajá, kó dúró kí ọmọ ajá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lábẹ́ ìyá rẹ̀. Kó wo ojú àti imú bóyá ìdọ̀tí wà níbẹ̀, kó wo ìdí bóyá ó ń ṣu omi. Àrùn parvo, tí ayé kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1978, ń pa ọmọ ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tí parvo bá pa ajá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sáré mú òmíràn wọ ọgbà kan náà láì fi omi hípò fọ ibẹ̀, kí èyí tó ń bọ̀ sì ti gba abẹ́rẹ́. Ó ń dùn mí bí mo bá rí ajá onírun jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ láti òkè Caucasus, ilẹ̀ òtútù, tó ń hagaga nínú kéèjì páànù ní Èkó, nígbà tí ajá ìbílẹ̀ tí ojú ọjọ́ wa bá lára mu ń rìn kiri lójú títì láìní olówó. Ẹ mú ìyẹn. Bó bá sì jẹ́ abo, tí ẹ kò fẹ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Oyún ajá kò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ, ọmọ tí kò ní ilé ló sì ń di ajá ìgboro.

Mo fi àrùn dìgbòlugi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn nítorí òun ló le jù. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ènìyàn 100 tó ń kó o, bíi 99 ló ti ọ̀dọ̀ ajá kó o, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 sì pọ̀ nínú wọn. Ajá tó kó o á yí ìwà padà: ohùn rẹ̀ á yàtọ̀, itọ́ á máa ṣàn, á máa bu ohunkóhun jẹ, tàbí kó sá pamọ́ sí ìkọ̀rọ̀ kó má lè gbé oúnjẹ mì. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, àwọn kan á gé irun ajá náà, wọ́n á fi epo pò ó lé egbò. Kò ṣe nǹkan kan. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ egbò náà fún odidi ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, láì dúró dé àmì. Bó bá ṣe é ṣe, ẹ má pa ajá náà. Ẹ sé e mọ́ kí dókítà ẹran wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀ fún ajá kò jìnnà sí wa. Wọ́n ń ṣe é ní Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ilé ìwòsàn ẹranko sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Láti oṣù mẹ́ta ni ọmọ ajá ti lè gbà á, á sì máa tún un gbà bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn dókítà ẹran sì ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ ní àkókò náà. Ẹ so okùn mọ́ Bingo lọ́rùn, ẹ mú un lọ, kí ẹ sì gba káàdì rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.